Iná Kú, Ọdẹ́wálé Ń Tiro

Ọdẹ́wálé gbé ẹsẹ̀ kan sókè, iná sì kú. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ọkọ́ pa bàbá àgbà tó bú ẹ̀yà rẹ̀ nínú oko ni. Ó yẹ kó dúró kó wo òkú náà, kó ju ọkọ́ sílẹ̀, kó rọra sọ̀kalẹ̀ látorí pèpéle onípákó tí a tò sáàárín ìtàgé, lẹ́yìn náà kí iná tó kú. Ṣùgbọ́n iná ti lọ kó tó fẹsẹ̀ kan ilẹ̀. A gbọ́ gbì! Lẹ́yìn ìyẹn a gbọ́ ohùn kan tí kò sí nínú ìwé eré, ohùn ọkùnrin tó ń pe ìyá rẹ̀. Àwọn òǹwòran pàtẹ́wọ́.

Nígbà tí iná tún tàn, Ọdẹ́wálé ń tiro. Ó tiro jálẹ̀ eré. Ó tiro lọ bá Ojúọlá, ó tiro níwájú àwọn ìjòyè, ó tiro nígbà tó fọ́ ojú ara rẹ̀ tán tó ń kó àwọn ọmọ rẹ̀ jáde nílùú. Ọmọkùnrin yẹn gbìyànjú, ká má parọ́. Kí eré tó parí, ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wú bíi búrẹ́dì tí wọ́n rẹ sínú tíì.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n jókòó láti sọ̀rọ̀ nípa eré àná. Gbogbo àjọ̀dún eré kéékèèké tí a ti ṣiṣẹ́ rí ló ní irú ìjókòó yìí: àga oníke, omi inú ọ̀rá, ẹ̀rọ gbohùngbohùn kan ṣoṣo tó ń han létí bí ológbò. Lámèyítọ́ kan dìde. Ó ní ohun tó wú òun lórí jù ni bí olùdarí ṣe jẹ́ kí Ọdẹ́wálé máa tiro láti ìgbà tó ti pa bàbá rẹ̀ láìmọ̀. Ó ní ẹsẹ̀ ọmọ tuntun tí wọ́n fi owó ẹyọ so, nígbà tí wọ́n fẹ́ lọ sọ ọ́ nù sínú igbó, ló ń rántí ara rẹ̀. Ó tún rán wa létí pé Oedipus, orúkọ ẹni tí Sophocles kọ eré Gíríìkì nípa rẹ̀, èyí tí Ọlá Rótìmí mú ìtàn rẹ̀ lò fún The Gods Are Not to Blame, ẹsẹ̀ wíwú ló túmọ̀ sí.

Olùdarí mi orí. Ó ní, “Ẹ ṣeun, sà. Inú wa dùn pé ẹ rí i.”

Àwa tí a jókòó lẹ́yìn wo ara wa lójú.

Ìtumọ̀ tí ọkùnrin yẹn ṣe dára. Ohun tó ń dùn wá gan-an nìyẹn. Ká ní ó sọ ìsọkúsọ ni, à bá rẹ́rìn-ín, à bá jẹ ẹ̀wà wa lọ. Ṣùgbọ́n ó ka eré náà dáadáa, ó rí okùn kan tó so ìbẹ̀rẹ̀ mọ́ òpin, okùn náà sì wà níbẹ̀ lóòótọ́. Kò kàn mọ̀ pé àṣìṣe ló so ó ni. Àwa la mọ̀, torí àwa la ṣe é.

Àwa mẹ́ta la jọ máa ń ṣe iṣẹ́ yìí, à ń pààrọ̀ ara wa láti àjọ̀dún kan sí òmíràn, Ìbàdàn, Ifẹ̀, Òṣogbo, Abẹ́òkúta, nígbà mìíràn ìlú kékeré tí gbọ̀ngàn ìpàdé rẹ̀ kò ní ju fáànù méjì lọ. Alákòóso ìtàgé ni wọ́n ń pè wá nínú ìwé ètò, tí wọ́n bá rántí kọ orúkọ wa. SM ni gbogbo ayé ń pè wá. Ẹni tí kò bá ṣe é rí lè rò pé SM ni ẹni tó ń sọ “Ẹ dákẹ́ o!” lẹ́yìn aṣọ ìkélé. Òótọ́ ni, a máa ń sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ìwé ni olórí iṣẹ́ náà. A máa ń lẹ ojú ewé eré kọ̀ọ̀kan mọ́ bébà tó fẹ̀ jù ú lọ, ká lè ní àyè lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀rọ̀. Àyè yẹn la ti ń kọ gbogbo ohun tó gbọ́dọ̀ ṣẹlẹ̀: iná kejìlá, ìró òjò, Ojúọlá wọlé láti ọwọ́ òsì, ẹnì kan gbé àpótí kúrò. Pẹ́ńsùlù la fi ń kọ ọ́, kì í ṣe bírò, torí pé olùdarí yóò yí ọkàn padà láàárọ̀, yóò tún yí i padà lálẹ́.

Àtẹ ohun èlò tún wà. Tábìlì ni, a tẹ́ bébà sórí rẹ̀, a sì fi máákà fa ilà yí ohun kọ̀ọ̀kan ká: ọkọ́, àdá, ìrùkẹ̀rẹ̀, igbá, ọ̀bẹ Ojúọlá. Bí ohun kan kò bá sí níbẹ̀, ilà tó ṣófo ni yóò pariwo. Ẹ lè kọ́ nǹkan púpọ̀ nípa eré kan látorí tábìlì yẹn, kí òṣèré kankan tó la ẹnu. Nínú eré Rótìmí, ohun tó kọ́kọ́ pa èèyàn ni ọkọ́. Kì í ṣe idà, kì í ṣe ọ̀kọ̀. Ohun tí àgbẹ̀ fi ń wá oúnjẹ ni. Ọ̀pọ̀ ìgbà tí a bá ka àlàyé nípa eré náà, orí kádàrá àti òrìṣà ni wọ́n máa ń dá lé. Ẹ wo tábìlì, ọkọ́ lẹ máa rí, ó sùn sínú ilà rẹ̀ láàárín àwọn ohun èlò ọba, bí ẹni tó ṣìnà wọ ààfin.

Ní gbọ̀ngàn ńlá, ìwọ̀nyí máa ń rọrùn díẹ̀. Ní àjọ̀dún kékeré, ẹgbẹ́ òṣèré mẹ́rin lè lo ìtàgé kan lọ́jọ́ kan. Wákàtí kan ni wọn yóò fún yín láti to iná, kí ẹ sì fi ẹsẹ̀ àwọn òṣèré mọ ilẹ̀. Àwọn tó ṣe ìsọjí ní gbọ̀ngàn náà lálẹ́ àná kò tíì kó àga wọn tán. Ẹni tó ní kọ́kọ́rọ́ yàrá iná lọ sí ìsìnkú. Jẹnẹrétọ̀ wà, ṣùgbọ́n ẹni tó máa ra epo sí i, ẹ̀yin náà ni. Láàárín eré kan àti òmíràn, ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni wọ́n á fún yín láti kó ààfin kúrò, kí ẹ kó ọjà wọlé. Nínú irú wàhálà yìí la ti ṣe ohun tí a fẹ́ jẹ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ máa mọ̀ pé èdè Gẹ̀ẹ́sì la fi ń pe iná. “Stand by, iná kejìlá.” Ẹni tó wà nídìí iná á dáhùn. “Go.” Ó fà á. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n kọ́ wa nílé ìwé, bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n kọ́ àwọn tó kọ́ wa. Ní ọdún yẹn, àjọ̀dún eré Yorùbá ni, gbogbo eré ló jẹ́ Yorùbá, àwọn tó wá ṣe The Gods pàápàá ti fúnra wọn yí i sí Yorùbá. A wá bi ara wa léèrè: kí ló dé tó fi jẹ́ pé Yorùbá ló wà lójú òǹwòran, Gẹ̀ẹ́sì ló wà lẹ́yìn? Ṣé èdè wa dára fún ìyà Ọdẹ́wálé nìkan ni, kò dára fún iṣẹ́? Ọ̀rọ̀ náà dùn lẹ́nu wa. A tilẹ̀ gbé e sórí WhatsApp, àwọn èèyàn fi ọkàn pupa sí i. A pinnu pé láti ọjọ́ yẹn lọ, “Múra” ni a ó máa wí dípò “stand by”, “Ó yá” ni a ó sì máa wí dípò “go”.

Eré méjì àkọ́kọ́ lọ geere. A ti ń fẹ́ra kù.

Alẹ́ Ọdẹ́wálé dé. A kò ní ẹ̀rọ tí wọ́n ń fi sétí bá ara wọn sọ̀rọ̀, nítorí náà SM àti ọmọ tó wà nídìí iná jókòó ní èjìká sí èjìká. Ọdẹ́wálé gbé ọkọ́, ó ṣá bàbá náà balẹ̀. A ní, “Múra.” Ọmọ náà fi ọwọ́ lé e. Ọdẹ́wálé wo òkú. Bóyá ẹ̀mí ló gbé e, bóyá àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó wà níwájú ló fẹ́ dá lára yá, kò sẹ́ni tó mọ̀, ṣùgbọ́n ó fi ọ̀rọ̀ tirẹ̀ kún ọ̀rọ̀ eré. Ó nawọ́ sí òkú, ó ní: “Ó yá! Dìde kí o tún bú wa!” Ó ń sọ ọ́ lọ ni ó gbé ẹsẹ̀ láti sọ̀kalẹ̀.

Ọmọ ìdí iná gbọ́ “Ó yá”. Ó fà á.

Kò jẹ̀bi. Ohun tí a ní kó ṣe ló ṣe. Àwọn òrìṣà náà kò jẹ̀bi, ẹ jọ̀ọ́. Àwa la mú ọ̀rọ̀ tí gbogbo Yorùbá ń sọ láàárọ̀, lọ́sàn-án àti lálẹ́, tí ìyá ń sọ fún ọmọ, tí kọ̀ńdọ́ ń sọ fún ẹni tó fẹ́ bọ́ọ́lẹ̀, a sọ ọ́ di àṣẹ iná. Ọ̀rọ̀ àṣírí gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò ní sọ lórí ìtàgé. “Go” kò ṣiṣẹ́ fún wa nítorí pé ó dára ju “Ó yá” lọ. Ó ṣiṣẹ́ nítorí pé àjèjì ni nínú gbọ̀ngàn náà. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì fúnra wọn gbọ́dọ̀ ṣọ́ra fún un nínú eré tiwọn. Ṣùgbọ́n ta ló ráyè ro ìyẹn? Ìgbéraga ń gùn wá.

Ẹni kan nínú wa ní kí a padà sí Gẹ̀ẹ́sì, kí ara tu gbogbo ayé. Ẹni kejì ní ká máa fọwọ́ kan ọmọ ìdí iná léjìká, ká pa ẹnu dé. Ohun tí a ń ṣe títí di òní nìyẹn, ó sì dára. Ṣùgbọ́n eré mìíràn ló wá jẹ́ kí a rí i pé ìbéèrè tí a kọ́kọ́ bèèrè kò burú, ibi tí a ti wá ìdáhùn rẹ̀ ló burú.

Ọba Kò So ni. Dúró Ládiípọ̀ gbé e jáde ní Òṣogbo ní 1963, ó sì ti kó o dé Berlin ní 1964. Ìtàn Ṣàngó, Gbọ̀nkáà àti Tìmì ni. Ẹgbẹ́ kan fẹ́ ṣe é ní àjọ̀dún, wọ́n sì ní bàbá onílù kan tó dàgbà ju gbogbo wa papọ̀ lọ. A mú ìwé wa, a kọ ọ̀nà ogójì tí iná àti òṣèré yóò gbà yí padà. Níbi ìdánrawò àkọ́kọ́, Gbọ̀nkáà kò wọlé nígbà tí a ní kó wọlé, ó wọlé nígbà tó wù ú. A ní kó padà. Ó tún ṣe bẹ́ẹ̀. Bàbá onílù gbé ìyáàlù rẹ̀ lé ẹsẹ̀.

“Ẹ̀yin ọmọ yìí, kí lẹ ń wò nínú ìwé yẹn?”

“Bàbá, ìgbà tó yẹ kó wọlé la kọ síbẹ̀.”

“Èmi ni mo pè é. Mo ní kó máa bọ̀, ó bọ̀. Ẹ ò gbọ́ Yorùbá ni?”

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ wá lára. Àwa tí a ń fi “Múra” àti “Ó yá” yangàn lórí WhatsApp, ìlù ń sọ Yorùbá lójú wa, a kò gbọ́ nǹkan kan.

A pa ìwé dé fún ọjọ́ méjì, a jókòó tì í. Ohun tí a rí nìyí: nínú eré yẹn, ìyáàlù ni SM. Òun ló ń sọ fún ẹni tó ń jó pé kó yí padà, fún ọba pé kó dìde, fún akígbe pé kó gé e kúrú torí ẹni tó ń pààrọ̀ aṣọ ti ṣe tán. Àwọn Aláàrìnjó ti mọ èyí tipẹ́. Ọjọ́gbọ́n J. A. Adédèjì, tó fi 1969 parí iṣẹ́ ìwádìí ńlá kan lórí wọn, jẹ́ ká mọ bí ìlù àti ègbè ṣe jẹ́ òpómúléró eré wọn. Ojú ọ̀sán ni wọ́n ti ń ṣeré, ní gbangba, kò sí iná tí ẹnikẹ́ni yóò pa. Tí egúngún kan bá wọlé lọ pààrọ̀ aṣọ, orin ni yóò dí àlàfo. Ẹni tó ń darí eré kò fi ara pa mọ́ sínú òkùnkùn pẹ̀lú aṣọ dúdú bíi tiwa. Ó jókòó síwájú gbogbo ayé, wọ́n ń náwó fún un.

Èyí yí bí a ṣe ń ka Ọba Kò So padà. Àwọn kan máa ń kọ ọ́ pé ewì rẹ̀ pọ̀ ju ìṣe lọ, pé Gbọ̀nkáà àti Tìmì kò jà, ọfọ̀ ni wọ́n ń pè síra wọn. Láti ẹ̀yìn, kò rí bẹ́ẹ̀. Ohùn ni aago eré náà. Bí Gbọ̀nkáà bá yára ju bó ṣe yẹ lọ, oorun kò ní tíì kun Tìmì, ìlù kò ní bá a, gbogbo rẹ̀ yóò di ọmọkùnrin méjì tó ń pariwo mọ́ra wọn. Nígbà tí a tún ìwé wa kọ, ogójì di mẹ́sàn-án. Mẹ́sàn-án péré. Ládiípọ̀ ni aṣáájú ẹgbẹ́ rẹ̀, òun náà ló ń ṣe Ṣàngó, ó mọ ohun tó ń lọ lẹ́yìn, kò kọ ohun tí ọwọ́ kò lè ká.

Ẹ wá jẹ́ ká sọ̀rọ̀ nípa àwọn eré tuntun, kí ẹ má bínú sí wa. Ọ̀rẹ́ wa ló kọ púpọ̀ nínú wọn. Eré kan wà tó ní ìran mẹ́tàlélógún. Ìran kẹta, ọmọbìnrin kan gba ìpè fóònù, gbólóhùn mẹ́rin, ó parí. Ìran kẹrin, inú mọ́tò. Ìran karùn-ún, ọsibítù. Láàárín wọn, gbólóhùn kan náà: Iná kú. Iná tàn. Òǹkọ̀wé náà rò pé bí èèyàn ṣe ń tẹ fóònù ni. Kò mọ̀ pé gbogbo ìgbà tó bá kọ “Iná kú”, àwa mẹ́rin la ó sáré jáde nínú òkùnkùn láti gbé bẹ́ẹ̀dì, ká má kọlu ara wa, ká má tẹ ọmọbìnrin tó ń sunkún mọ́lẹ̀. Ogún ìṣẹ́jú àáyá kì í pẹ́ lójú ẹni tó ń kọ̀wé. Lójú òǹwòran, ó tó láti yọ fóònù kí wọ́n wo bọ́ọ̀lù.

Sinimá ni wọ́n ń kọ, wọ́n kàn ń pè é ní eré ìtàgé. A mọ ibi tó ti wá, fíìmù la fi dàgbà, àwa náà. Ṣùgbọ́n ní ilẹ̀ tí iná ti ń lọ nígbà tó bá wù ú, ó yẹ kí ẹni tó ń kọ “Iná kú” ronú lẹ́ẹ̀mejì. Ní ìran kẹtàdínlógún eré yìí, NEPA mú iná gan-an. Ẹ gbọ́, àwọn òǹwòran jókòó jẹ́ẹ́ nínú òkùnkùn. Wọ́n ti mọ́ ọn lára. Wọ́n rò pé ara eré ni. Ó tó ìṣẹ́jú mẹ́rin kí jẹnẹrétọ̀ tó dáhùn, kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀. Nígbà tí iná tàn, ẹnì kan kígbe “Up NEPA!”, gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Òun ni ẹ̀rín kan ṣoṣo tí eré náà rí lálẹ́ ọjọ́ yẹn, eré apanilẹ́rìn-ín sì ni wọ́n kọ sórí ìwé ìpolówó.

Àwọn kan ti wo ẹ̀yìn ìtàgé ṣáájú wa, a kò ní parọ́. Bíọ́dún Jéyífò kọ ìwé lórí àwọn ẹgbẹ́ alárìnkiri ní 1984. Karin Barber bá ẹgbẹ́ Oyin Adéjọbí rìn, ó bá wọn ṣeré, ìwé tó gbé jáde ní 2000, The Generation of Plays, sì ń sọ bí eré tí kò ní ìwé kankan ṣe ń di eré láti alẹ́ kan sí òmíràn. Ẹni tó bá ka ìyẹn kò ní ṣì í sọ pé olùdarí ló ní kí òṣèré máa tiro láì kọ́kọ́ bèèrè. Ohun tí à ń kà nípa àjọ̀dún lóde òní yàtọ̀. “Ìmúra wọn jojú. Ìtanná wọn gbámúṣé.” Gbámúṣé báwo? Iná mẹ́fà ni gbọ̀ngàn yẹn ní, méjì ti jó.

Ìtàn kan ṣì kù tó ń yọ wá lẹ́nu. Ẹgbẹ́ kan ń ṣe Death and the King’s Horseman, eré tí Wọlé Ṣóyínká tẹ̀ jáde ní 1975, lórí ọ̀rọ̀ Ẹlẹ́ṣin Ọ̀yọ́ tí Ládiípọ̀ náà ti fi ṣe Ọba Wàjà ṣáájú rẹ̀. Ẹ rántí pé Pilkings, ajẹ́lẹ̀ òyìnbó, àti ìyàwó rẹ̀ wọ aṣọ egúngún láti fi lọ síbi ijó. Amusa, ọlọ́pàá tó jẹ́ Mùsùlùmí, dé láti jíṣẹ́ nípa ikú, ó rí aṣọ náà lára ọ̀gá rẹ̀, kò lè sọ̀rọ̀. Pilkings bínú. Ó rò pé ẹni tó ti gba ẹ̀sìn mìíràn kò gbọ́dọ̀ bẹ̀rù nǹkan bẹ́ẹ̀ mọ́.

Ọmọbìnrin kan ló ń bá wa tọ́jú ohun èlò lọ́dún yẹn. Ó fa ilà gbogbo nǹkan sórí tábìlì, ó fa ti aṣọ egúngún náà, ó kọ orúkọ rẹ̀ síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ó kọ̀, kò fọwọ́ kan aṣọ náà.

Olùdarí ní, “Aṣọ lásán ni. Mo wà níbẹ̀ nígbà tí télọ̀ ń rán an. Ṣebí ṣọ́ọ̀ṣì lò ń lọ?”

Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, mo mọ̀ pé aṣọ ni. Ṣọ́ọ̀ṣì ni mò ń lọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ilé ọ̀jẹ̀ ni wọ́n ti bí ìyá mi. Ẹ bá mi wá ẹlòmíràn tó máa gbé e.”

Olùdarí rẹ́rìn-ín, ó pe àwọn yòókù kí wọ́n wá wo nǹkan. Wọ́n rẹ́rìn-ín pẹ̀lú rẹ̀. A dúró níbẹ̀, ìwé eré wà lọ́wọ́ wa, ojú ewé yẹn gan-an la ṣí sílẹ̀. Pilkings ń sọ̀rọ̀ láàyè níwájú wa, ọmọ Yorùbá ni, ó ń darí eré tí wọ́n kọ nípa Pilkings, kò sì gbọ́ ara rẹ̀. A kò sọ nǹkan kan. Ó yẹ ká ti sọ̀rọ̀. A gbé aṣọ náà fúnra wa, iṣẹ́ ń lọ.

Lálẹ́, Amusa wọlé. Ó rí aṣọ, ó fò sẹ́yìn, ó ń kólòlò, ojú rẹ̀ yọ. Àwọn òǹwòran fẹ́rẹ̀ẹ́ ya ìfun. Bí wọ́n ṣe máa ń ṣe Amusa nìyẹn ní gbogbo ibi tí a ti rí eré yẹn, pijin rẹ̀ ni wọ́n fi ń pa èèyàn lẹ́rìn-ín. A yíjú wo ọmọbìnrin wa. Ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì rẹ̀, kò rẹ́rìn-ín. Láti ibi tí a dúró sí, a ń wo ẹ̀yìn Amusa àti ojú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ohun tí a rí ni pé nínú ìran yẹn, òun nìkan ni kò ṣeré. Òun nìkan ló mọ ohun tí ikú jẹ́.

Ìgbà tí eré parí, ọmọbìnrin náà lọ bá òṣèré tó ṣe Amusa níbi tó ti ń nu ojú. Ó ní, “Bọ̀ọ̀dá, ẹ má fò mọ́. Ẹ̀rù kì í jẹ́ kéèyàn fò, ńṣe lèèyàn máa ń dúró.” Alẹ́ ọjọ́ kejì, ó dúró. Kò fò, kò kólòlò, ó kàn gbójú sí ilẹ̀, ó sì dákẹ́. Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn gbọ̀ngàn, ó dé àárín, ó kú. Ní ìjókòó àárọ̀, wọ́n yin olùdarí fún un. Ẹ ti mọ ohun tó fi dáhùn.

Ní ti Ọdẹ́wálé, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò dá, ó kàn rọ́ ni. A bẹ̀ ẹ́, a sọ òtítọ́ fún un nípa “Ó yá”. Ó rẹ́rìn-ín títí, ó ní kí a má sọ fún ẹnikẹ́ni, torí wọ́n ti pè é láti wá ṣe é ní ìlú mìíràn, wọ́n sì ní kó má gbàgbé láti tiro. Oṣù kejì, àwa náà la ṣe SM fún wọn níbẹ̀. Níbi tí iná ti ń kú lẹ́yìn ikú bàbá àgbà, a fi pẹ́ńsùlù kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé: Ọdẹ́wálé bẹ̀rẹ̀ sí í tiro.

A fọwọ́ kan ọmọ ìdí iná léjìká. Iná kú, ó tàn. Ọdẹ́wálé jáde síta, ó ń tiro kíkan kíkan, gbogbo ilé dákẹ́. Ẹsẹ̀ òsì ló fi rọ́ ní àkọ́kọ́. Ẹsẹ̀ ọ̀tún ló fi ń tiro.